Máàkì Tí Mo Fi Kún Ti Ọmọ Káfíńtà

Òórùn mẹ́ta ló máa ń wà nínú yàrá tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò yunifásítì lẹ́sìn nígbà yẹn: èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń gba fèrèsé ẹ̀yìn wọlé, òórùn yíǹkì máàkà, àti ti ẹja tí ìyá kan ń dín nísàlẹ̀ ilé láti bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni, ní Òkòkómáíkò, kò jìnnà sí Ìyànà-Ìba. Nínú yàrá yẹn ni mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ igba ó lé mẹ́rìnlá síwájú orúkọ ọmọbìnrin kan, nígbà tí kọ̀ǹpútà sọ pé mọ́kànléláàádọ́sàn-án ló gbà. Ẹnikẹ́ni ò rán mi. Ẹnikẹ́ni ò bẹ̀ mí. Jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, ọ̀rẹ́ mi, kí o má baà gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí dé ìdajì kí o máa wá ẹlòmíràn tí wàá dá lẹ́bi.

Ìwé tèmi náà kò lọ jìnnà. Mo parí girama, mo ṣe ìdánwò àṣewọ yunifásítì lẹ́ẹ̀mẹta, kò sí èyí tó gbé mi wọlé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta ni bàbá mi ní àwọn ò lè máa wo géńdé tó ń ka ìwé kan náà lọ́dọọdún, wọ́n bá fi mí síbi tí wọ́n ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe lọ́jà Àlàbá. Ibẹ̀ ni ọ̀gá tó ni ilé lẹ́sìn ti wá pè mí pé kí n wá bá òun wo kọ̀ǹpútà méjìlá tí òun rà ní tòkunbọ̀. Mo tún wọn ṣe. Bí mo ṣe ń tún wọn ṣe ni mo ń bá àwọn ọmọ sọ bí ìdánwò orí kọ̀ǹpútà yẹn ṣe rí, ọ̀gá sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́. Ẹni tó ti já sí kòtò lẹ́ẹ̀mẹta, ó yẹ kó lè júwe kòtò. Ó ní kí n má padà sí Àlàbá mọ́.

Kì í ṣe físíìsì ni mo ń kọ́ wọn, kì í sì í ṣe kẹ́mísìrì. Àwọn tíṣà tó gboyè wà fún ìyẹn. Tèmi ni ọgbọ́n ìdánwò: bí èèyàn ṣe ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà tí aago ń sá lókè rẹ̀ láì jẹ́ kí àyà rẹ̀ já, bí ìbéèrè kan bá ti ń gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, kí o fò ó, wàá padà wá bá a, kí o má ṣe fi ìkankan sílẹ̀ lófo. Mo sì máa ń sọ fún wọn pé nínú ìdáhùn mẹ́rin tí wọ́n bá kó síwájú rẹ, méjì sábà máa ń jẹ́ ìdáhùn òmùgọ̀. Pa méjì yẹn ná, kí o tó máa da orí rẹ láàmú lórí méjì tó kù. Bí àwọn ọmọ ṣe sọ mí ní Bọ̀dá Paméjì nìyẹn. Kódà ìyá ẹlẹ́ja nísàlẹ̀ mọ̀ ọ́n. "Paméjì," wọ́n á ní, "ṣé méjì náà lẹ máa pa lónìí, àbí ebi ń pa yín tó mẹ́ta?"

Ọ̀gá wa wá ní àṣà kan. Ó ti pa ibi tí máàkì ti máa ń yọ lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí ọmọ bá parí, ó ní àwọn ọmọ máa ń wo ti ara wọn, wọ́n á sì máa bú ara wọn. Gbogbo máàkì, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá, sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tó wà ní kọ̀rọ̀. Ní gbogbo Fúráìdé, àwọn ọmọ á ṣe ìdánrawò bí ẹni ṣe ìdánwò gidi. Èmi á kọ máàkì wọn sórí kádíbọ́ọ̀dù ńlá. Tó bá di Sátidé, àwọn òbí á wá, ọ̀gá á máa pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí wọ́n ń pe àwọn tó fẹ́ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọmọ á dìde, òbí rẹ̀ náà á dìde. Bó bá ti lé ní igba nínú irinwó, gbogbo ilé á pàtẹ́wọ́. Bí kò bá tó igba, ọ̀gá á kàn rẹ́rìn-ín, á ní, "À ń gbàdúrà," ọmọ á sì rọra jókòó. Ọmọ tí wọ́n bá gbàdúrà fún lọ́sẹ̀ mẹ́ta léra wọn, kì í fẹ́ wá lọ́sẹ̀ kẹrin.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n ń gbàdúrà fún ni ọmọ káfíńtà yìí, ọmọbìnrin tí mo kọ́kọ́ sọ yẹn. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó máa ń fi ìka gbá etí tábìlì bó bá ń ronú. Bàbá rẹ̀ ń kan bẹ́ẹ̀dì àti àga ní Àjàngbàdì. Ará Ògùn ni wọ́n, àgbà ni wọ́n nínú ìjọ aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ. Nítorí pé Sátidé ni àwọn oníbàárà máa ń wá gbé bẹ́ẹ̀dì, kì í rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti wá. Ẹ̀gbọ́n bàbá náà obìnrin ló ń bá ọmọ náà wá. Ìyá Àgbà ni gbogbo ilé ń pè wọ́n. Ọkọ wọn ti kú, Ọlọ́run kò sì fún wọn lọ́mọ. Ni wọ́n bá wá láti abúlé wá jókòó ti àbúrò wọn ní Ìba, wọ́n ń bá wọn tọ́jú ilé. Àwọn ló ń jí ọmọ náà kàwé ní ìdájí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ èyí tó dorí kodò nínú ìwé.

Wọn kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n wọn kì í lọ láì wo kádíbọ́ọ̀dù. Bí àwọn òbí yòókù bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wá dúró síwájú rẹ̀, wọ́n á ní, "Tíṣà wa, èwo ni tiwa níbẹ̀?" Èmi á mú ìka wọn, màá gbé e lé e. Wọ́n á fi ìka náà síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó gbóná.

"Ṣé èyí ga?"

"Ó kù díẹ̀, mà."

"Díẹ̀ náà á tán. À ń bọ̀ níbẹ̀."

Wọ́n á wá fi ìka kan náà kan orí ọmọ àbúrò wọn, wọ́n á ní kó jẹ́ ká lọ. Wọn kì í sì í gbàgbé láti fún mi ní ẹ̀pà sísun tí wọ́n wé sínú bébà. Mi ò tíì rí òbí mìíràn tó rò ó pé ebi lè máa pa tíṣà.

Sátidé kan ni bàbá rẹ̀ fúnra wọn wá. Máàkì ọmọ náà lọ́sẹ̀ yẹn jẹ́ méjìdínláàádọ́sàn-án. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní, "À ń gbàdúrà." Ọmọ jókòó. Bàbá rẹ̀ kò jókòó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," wọ́n ní, "ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ àdúrà yìí látẹnu ẹ̀gbọ́n mi. Èmi náà máa ń gbàdúrà, mo mọ ìgbà tí àdúrà bá ti di orin. Bí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ kò bá pé igba, ìyá onídìrí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ti ní kí n mú un wá kọ́ṣẹ́."

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń lọ, Ìyá Àgbà fà mí sẹ́yìn lórí àtẹ̀gùn, wọ́n ní, "Àbúrò mi ò níkà nínú o. Ẹ̀rù ló ń bà á. Bí ẹ̀rù bá ti ń bà á, ẹnu rẹ̀ á máa gbóná. Ẹ ṣáà bá mi mú ọmọ yìí dáadáa, tíṣà wa."

Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ká sòótọ́, àánú ọmọ náà ṣe mí. Mo rántí bí wọ́n ṣe fà mí kúrò nídìí ìwé tèmi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní àánú nìkan ni, irọ́ ni mo tún ń pa. Ohun mìíràn wà níbẹ̀. Tíṣà tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò, ẹni tó gboyè, kò gba tèmi rárá. Lọ́jọ́ Sátidé yẹn gan-an ló dúró tì mí nígbà tí mò ń tú kádíbọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri.

"Wọ́n fẹ́ mú ọ̀kan lọ nínú agbo rẹ, Paméjì. Mélòó ló kù?"

"Wọn ò tíì mú un lọ."

"Wọ́n á mú un. Ṣé o rí i, mi ò bá ọ jà. Ó kàn ń pa mí lẹ́rìn-ín ni, ẹni tí kò wọ yunifásítì rí ló wá ń júwe géètì fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi bá ọmọ náà jókòó. Mo fún un ní ìbéèrè, mo fi aago ká a mọ́, mo kọ́ ọ bó ṣe máa fo èyí tó le. Ó ń gbìyànjú. Nígbà tó di Fúráìdé, mo ṣí kọ̀ǹpútà tèmi, mo rí mọ́kànléláàádọ́sàn-án. Ó ti fi mẹ́ta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo jókòó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mò ń gbọ́ bí epo ìyá ẹlẹ́ja ṣe ń ta nísàlẹ̀. Mo wá ṣí máàkà, mo kọ igba ó lé mẹ́rìnlá. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni, kí wọ́n má baà mú un lọ. Mo ní máàkì gidi á bá èyí tí mo kọ lójú ọ̀nà.

Ọjọ́ kejì, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ náà kò tètè dìde, ó rò pé wọ́n ṣì orúkọ pè ni. Tíṣà ìṣirò bọ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn. Kò yẹ kó dùn, ṣùgbọ́n ó dùn. Nígbà tí àwọn èèyàn lọ tán, Ìyá Àgbà wá síwájú kádíbọ́ọ̀dù, mo gbé ìka wọn lé e.

"Ṣé èyí ga?"

"Ó ga, mà."

Wọ́n fi ìka yẹn kan orí ọmọ náà, wọ́n tún fi kan àyà ara wọn. Mo yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé irọ́ tó bá gòkè kò mọ bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ọmọ bá ti gba igba ó lé mẹ́rìnlá lọ́sẹ̀ yìí, a ò lè sọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ pé ó gba àádọ́sàn-án. Wọ́n á bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo kọ igba ó lé mọ́kàndínlógún. Mo kọ igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kí ìdánwò gidi tó dé, mo ti gbé e dé igba ó lé méjìlélọ́gbọ̀n, ọmọ náà sì wà níbi tó wà gan-an. Ó fura o. Ó wá bá mi lọ́jọ́ kan, ó ní, "Bọ̀dá, èyí tí a ṣe lánàá yẹn, mo rò pé mi ò mọ púpọ̀ nínú rẹ̀." Mo wò ó lójú, mo ní, "Ọgbọ́n ìdánwò nìyẹn. Ó ti wọ̀ ọ́ lára, ìwọ náà ò mọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. Ó gbà mí gbọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ló fẹ́ kọ sínú fọ́ọ̀mù tẹ́lẹ̀, èyí tí máàkì rẹ̀ lè gbé e wọ̀. Nítorí máàkì tèmi, ó kọ nọ́ọ̀sì, ó kọ yunifásítì ńlá. Bàbá rẹ̀ ti ń sọ fún àwọn oníbàárà pé nọ́ọ̀sì ni ọmọ àwọn máa jẹ́.

Ní Òjó ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà. Mo lọ síbẹ̀ láàárọ̀ láti kí àwọn ọmọ wa kí wọ́n tó wọlé. Ìyá Àgbà ti bá tiwọn dé ṣáájú gbogbo èèyàn; àwọn ló di irun rẹ̀ nírọ̀lẹ́ àná, ó sì dùn-ún wò. Lẹ́nu géètì, wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé ọmọ náà lórí, wọ́n ń ki oríkì rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ètè wọn nìkan lèèyàn ń rí. Obìnrin kan láti ìjọ wọn wà níbẹ̀, òun náà mú ọmọ tirẹ̀ wá. Ó ń wò wọ́n. Mo rò pé ó ń wò wọ́n nítorí ó wù ú ni.

Èsì dé. Mẹ́rìnléláàádọ́sàn-án. Nínú gbogbo ayé, èmi nìkan ni kò yà lẹ́nu. Ọmọ náà ṣe dáadáa ju bó ṣe máa ń ṣe lọ. Ó fi mẹ́ta ju ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ purọ́ lọ. Ṣùgbọ́n lójú gbogbo ẹni tó mọ̀ ọ́n, ńṣe ló já bọ́ láti orí igi.

Ní Mọ́ńdè, bàbá rẹ̀ wá pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Wọn kò pariwo. Wọ́n ní kí èmi àti ọ̀gá jókòó.

"Tíṣà," wọ́n ní, "ẹ má bínú. Ẹ dá mi lóhùn bí ẹni tó ń bá bàbá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣé ọmọ mi ń gba igba ó lé ọgbọ̀n níbí?"

Ọ̀gá wò mí. Mo ní, "Ó ń gbà á, sà."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹnìkan ń sọ ìdáhùn fún un?"

"Rárá, sà."

"Kì í ṣe pé ó ń wo ti ẹlòmíràn?"

"Ọmọ yín ò ṣe bẹ́ẹ̀, sà."

Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ó ti yé mi." Wọ́n dìde, wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò bi wọ́n pé kí ló yé wọn. Irọ́ àkọ́kọ́ yẹn, mo lè sọ pé àánú wà nínú rẹ̀. Èyí, ara mi nìkan ni mo fi bò.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ọmọ náà tó yọjú. Mò ń nu kọ̀ǹpútà, kò sẹ́nì kankan nínú yàrá. Ó jókòó sórí àga tó máa ń jókòó sí, ó ní, "Bọ̀dá, wọ́n ti kó ẹrù Ìyá Àgbà lọ sí abúlé."

Mo ní, "Kí ló dé? Ara wọn ò yá?"

Ó wá ń sọ ọ́, kò gbé ojú sókè. Wọ́n ti mú un lọ sí ilé àdúrà. Wòlíì ní òun rí ọwọ́ kan lórí ọmọ yìí, kí wọ́n máa gbàdúrà. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n obìnrin tó wà ní géètì ní Òjó dìde, ó ní òun fi ojú òun rí i, ìyá àgbàlagbà kan tí kò bímọ, tó gbé ọwọ́ lé ọmọ ọlọ́mọ lórí, tó ń sọ nǹkan lábẹ́lẹ̀. Màmá ọmọ náà wá rántí ohun tí ọmọ ti sọ nílé rí, pé ní gbogbo Sátidé ni ọwọ́ yẹn máa ń kan orí ọmọ òun. Wọ́n ní bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, báwo ni ọmọ tó ń gba igba ó lé ọgbọ̀n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí tíṣà rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́rìí sí i, ṣe máa wọlé lọ́jọ́ kan tí kò ní mọ nǹkan kan mọ́?

"Ṣé wọn ò jà?" mo bi í.

"Wọn ò jà. Dádì ń sunkún nígbà tí wọ́n ń di ẹrù, Ìyá Àgbà ló ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dákẹ́. Wọ́n wá tẹ́ ọwọ́ wọn báyìí, wọ́n ń wò ó. Wọ́n ní, 'Ìwọ ọmọ mi, bí ọwọ́ yìí bá burú, Ọlọ́run rí mi, èmi ò mọ̀.'" Ó nu ojú rẹ̀. "Bọ̀dá, ṣé ó ṣeé ṣe? Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ṣé nǹkan tí mo ti mọ̀ lè kúrò lórí mi bẹ́ẹ̀?"

Mo tan kọ̀ǹpútà tó wà ní kọ̀rọ̀, mo ṣí ibi tí máàkì wọn wà, mo yí i sí i. Ó kà á láti òkè délẹ̀. Ó tún kà á. Ìka rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbá etí tábìlì.

"Ti ta nìyí?"

"Tìrẹ ni."

"Èyí tí ẹ ń kọ sí kádíbọ́ọ̀dù ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń kọ ọ́."

Kò bú mi. Ó ní, "Nígbà tí mo sọ fún yín pé mi ò mọ̀ ọ́n, ẹ ní mo mọ̀ ọ́n." Mo ní kó jẹ́ ká ṣe é lọ́la, kí n ronú ohun tí màá sọ fún bàbá rẹ̀. Ó dìde. Ó ní, "Wọn ò jẹ́ kí Ìyá Àgbà ronú dọ̀la kí wọ́n tó di ẹrù wọn." Ọ̀sán yẹn náà la jọ wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Àjàngbàdì.

Bàbá rẹ̀ ń fá pákó nígbà tí a dé. Lẹ́búlẹ́bú pákó wà ní irùngbọ̀n wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti ọ̀rọ̀ tíṣà ìṣirò títí dé ọjọ́ tí wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́. Wọ́n ń fá pákó lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Nígbà tó yá, ọwọ́ wọn dúró.

"Tún un sọ."

Mo tún un sọ. Wọ́n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kan tí wọn kò tíì kàn tán. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ wọ́n, bí mo ṣe kéré tó, "ẹ" ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ nítorí pé tíṣà ni mí. Ó parí lọ́jọ́ yẹn.

"Mo bi ọ́," wọ́n ní. "Mo ní kí o dá mi lóhùn bí ẹni tó ń bá bàbá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ṣé bó o ṣe ń bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Ìyá wa kú nígbà tí mi ò tíì lè wẹ ara mi. Ẹ̀yìn obìnrin yẹn ni mo ti dàgbà." Wọ́n nu irùngbọ̀n wọn. "Èmi ni mo lé e. Ìwọ kọ́. Mi ò ní gbé tèmi lé ọ lórí. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ya igi fún mi tí mo fi lé e. Dìde, máa lọ."

Ọjọ́ kejì ni wọ́n lọ sí abúlé láti lọ bẹ ẹ̀gbọ́n wọn. Ìyá Àgbà gba ẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò padà sí Ìba. Wọ́n ní ilé tí wọ́n bá ti fura sí ọwọ́ èèyàn, èèyàn ò lè ro ọkà níbẹ̀ mọ́. Èmi náà kúrò ní ilé lẹ́sìn. Ọ̀gá kò lé mi. Ohun tó sọ ni pé kí n má jẹ́ kí òbí mìíràn gbọ́. Mo padà sí Àlàbá, ibẹ̀ ni mo wà títí di òní, mò ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ọmọ náà ka ìwé rẹ̀ nílé lọ́dún tó tẹ̀lé e, láìsí Paméjì kankan, ó gba igba ó lé mẹ́ta tó jẹ́ tirẹ̀, ó sì ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fẹ́ lọ tẹ́lẹ̀. Ó máa ń pè mí lórí fóònù. Ó ní òun ò bínú mọ́, mo sì gbà á gbọ́, nítorí kò sí irọ́ lẹ́nu ọmọ yẹn.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé irọ́ tó burú ni èyí tí èèyàn fi gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Mi ò mọ̀ pé irọ́ tí a fi fún èèyàn ní nǹkan náà ń gbà á lọ́wọ́ ẹnìkan. Nǹkan tí mo fún ọmọ káfíńtà kò ti inú afẹ́fẹ́ wá. Ìyá kan tí kò mọ èyí tó ń jẹ́ máàkì, lọ́wọ́ rẹ̀ ni mo ti gbà á.

Ọmọ náà ló jíṣẹ́ Ìyá Àgbà fún mi. Wọ́n ní, "Sọ fún tíṣà wa pé mo ti foríjì í ní tèmi. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ò sí ní Àjàngbàdì nígbà tó ń jẹ́wọ́. Kó wá sọ ọ́ níbí, lójú gbogbo wọn, ní ọ̀sán gangan." Nítorí pé ọ̀rọ̀ ti ṣáájú ẹrù wọn dé agboolé. Bàbá ọmọ náà ti bá àwọn ará ilé sọ òtítọ́, wọn ò gbà. Wọ́n ní àbúrò ń bo ẹ̀gbọ́n láṣìírí ni. Ẹni tó purọ́ náà ni wọ́n fẹ́ rí.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ abúlé náà. Lẹ́ẹ̀kan, mo tiẹ̀ ti jókòó sínú ọkọ̀. Mo ro ojú àwọn àgbà agboolé, mo ro bí mo ṣe máa dúró láàárín wọn kí n sọ pé èmi ni, mo ní kí awakọ̀ jọ̀ọ́, mo gbàgbé nǹkan nílé. Mi ò gbàgbé nǹkan kan. Mo ti lọ́jọ́ lórí ju kí n máa pe ìyẹn ní nǹkan mìíràn: ojo ni mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ náà pè mí. Ìyàwó kan bímọ ní agboolé wọn. Tẹ́lẹ̀ rí, kí wọ́n tó wá sí Ìba, Ìyá Àgbà ló máa ń wẹ ọmọ tuntun fún gbogbo ìyàwó ilé. Kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tí kò gba ọwọ́ wọn kọjá. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ yìí dé, Ìyá Àgbà jí, wọ́n dá iná, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n wá gbé e sẹ́nu ọ̀nà ìyàwó náà, wọ́n sì dúró. Àwọn tó wà lọ́dọ̀ ìyàwó náà kí wọn. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún omi náà, wọ́n gbé e wọlé, wọ́n sì pa ìlẹ̀kùn dé. Ẹnikẹ́ni ò gbé ọmọ náà fún wọn. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló wà láàárín wọn àti ọmọ yẹn, mi ò sì tíì lọ sọ ọ́.